Eegun gàgàrà tó wà ní Berlin kì í ṣe Brachiosaurus: àlàyé lórí ìran dáínósọ̀ ọlọ́rùn-gígùn àti bí ara rẹ̀ ṣe rí

Ẹni tó bá ń wá àwòrán dáínósọ̀ fún ọmọ rẹ̀ nínú ọjà Abẹ́òkúta, bóyá ní Ìtòkú ni tàbí ní Pánṣẹ́kẹ́, kò ní pẹ́ rí ọ̀kan tí ọrùn rẹ̀ nà lọ sókè, tí èjìká rẹ̀ ga ju ìdí lọ, tí egungun imú rẹ̀ sì yọ gọnbu lókè ojú. Wọn yóò kọ Brachiosaurus sábẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì kọ Amẹ́ríkà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà ni orúkọ yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí tí wọ́n yà síbẹ̀ kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti wú orí náà, ní òkè kan tí wọ́n ń pè ní Tendaguru, ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Tanzania. Orúkọ ẹranko tó ni ín ni Giraffatitan brancai.

Ọ̀rọ̀ yìí ti jáde kúrò nínú yàrá àwọn onímọ̀. Láti bí ọdún mélòó kan ni àwọn aṣòfin àti onímọ̀ ìtàn ní Tanzania ti ń bèèrè pé kí Jámánì dá eegun ẹranko yìí, tó wà ní Berlin, padà, nítorí ìgbà tí Jámánì ń ṣàkóso ilẹ̀ wọn ni wọ́n kó o lọ. Ní ọdún 2023, Jámánì dá fọ́sìlì (òkú tó ti di òkúta) dáínósọ̀ kékeré kan, Ubirajara, padà fún Brazil. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí àwa tí a ti ń gbọ́ nípa àwọn ère idẹ Ìbíní láti ìgbà pípẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ dá sí i, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ irú ẹranko tí wọ́n ń sọ gan-an, ìdí tí orúkọ rẹ̀ fi yí padà, àti ohun tí eegun rẹ̀ ń wí.

Bí eegun ibi méjì ṣe bọ́ sábẹ́ orúkọ kan

Ní 1900, Elmer Riggs, tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Field ní Chicago, wú eegun ẹranko ńlá kan nítòsí Grand Junction ní ìpínlẹ̀ Colorado. Kò rí orí, kò rí ọrùn, kò sì rí àtẹ́lẹsẹ̀. Ohun tó rí ni eegun ẹ̀yìn méje tó tẹ̀ léra, eegun ìbàdí, eegun ìrù méjì, ìhà mélòó kan, eegun kékeré kan láti èjìká, eegun apá òkè kan àti eegun itan kan. Eegun apá náà gùn débi pé Riggs kọ́kọ́ rò pé itan mìíràn tí ilẹ̀ ti tẹ̀ fọ́ ni. Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán tí wọ́n wọ̀n ọ́n, apá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 204, itan sì jẹ́ 203. Nínú àwọn dáínósọ̀ ọlọ́rùn-gígùn tí wọ́n mọ̀ nígbà náà, itan ló máa ń gùn ju apá lọ. Èyí ló mú kó sọ ẹranko náà ní Brachiosaurus altithorax ní 1903.

Ní 1906, ẹ̀ńjìníà awakùsà kan láti Jámánì, Bernhard Sattler, dé ibi tí eegun ńláńlá ti yọ sórí ilẹ̀ ní Tendaguru. Àwọn ará ibẹ̀ ti mọ̀ nípa eegun náà ṣáájú rẹ̀. Agbègbè yẹn kò tíì sinmi rárá nígbà náà, torí ogun Maji Maji, tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ fi kọ ìjọba Jámánì, jà láti 1905 wọ 1907. Láti 1909 sí 1913 ni iṣẹ́ ìwúlẹ̀ fi wáyé níbẹ̀. Werner Janensch àti Edwin Hennig, àwọn onímọ̀ láti Jámánì, ló kọ́kọ́ darí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ilẹ̀ náà ni wọ́n ń gbẹ́, tí wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n ń dì, tí wọ́n sì ń rù. Ọ̀kan nínú àwọn tí orúkọ wọn kò sọnù ni Boheti bin Amrani, alábòójútó tó já fáfá jù nínú iṣẹ́ títú eegun kúrò lára òkúta. Ọparun ni wọ́n fi há ọ̀pọ̀ eegun náà mọ́ra kó má baà fọ́. Orí àti èjìká ènìyàn ló gbé gbogbo rẹ̀ dé etíkun Lindi, ìrìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin, ẹrù náà sì lé ní tọ́ọ̀nù 200.

Ní 1914, Janensch wo apá tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó rántí ti Riggs, ó sì fi ẹranko Tendaguru sábẹ́ orúkọ kan náà: Brachiosaurus brancai. Kò ṣe àìdára. Eegun tó lè fi wéra kò pọ̀, àwọn èyí tó sì hàn jù jọra wọn. Ní 1937 wọ́n to eegun náà dúró ní Berlin. Nígbà tí wọ́n tún un tò ní 2007, gíga rẹ̀ di mítà 13.27, kò sì sí eegun dáínósọ̀ mìíràn tí wọ́n gbé dúró tó ga tó o.

Nǹkan wá dorí kodò. Torí pé ti Áfíríkà ní orí, ọrùn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, tí ti Amẹ́ríkà kò sì ní púpọ̀ nínú wọn, ara ti Áfíríkà ni àwọn ayàwòrán ń wò láti ya Brachiosaurus. Èyí tí wọ́n rí lẹ́yìn wá di àwòkọ fún èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí. Ní 1988, Gregory Paul dábàá orúkọ Giraffatitan fún ti Tendaguru, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka kan nínú Brachiosaurus. Ní 1991, George Olshevsky ní kó dá dúró gedegbe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà á sí títí di 2009, nígbà tí Michael Taylor jókòó ti eegun méjèèjì, tó ń fi ẹyọ kan wé ìkejì rẹ̀. Ó rí ìyàtọ̀ 26. Àyà àti ikùn ti Amẹ́ríkà gùn ju ti Áfíríkà lọ ní nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ìrù rẹ̀ sì ṣeé ṣe kó gùn jù pẹ̀lú.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń bínú sí ìyípadà orúkọ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Orúkọ ẹranko nínú sáyẹ́ǹsì so mọ́ eegun kan pàtó, èyí tí ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ gbé kalẹ̀. Eegun tí Riggs kó lọ sí Chicago ló ni orúkọ Brachiosaurus. Kí eegun mìíràn tó lè jẹ́ orúkọ náà, ti Chicago ni a óò fi wé e, bó ti wù kí èyí tó dé lẹ́yìn pé tó, tàbí kó lókìkí tó. Òótọ́ ni pé kò sí òfin tó ka iye ìyàtọ̀ tó gbọdọ̀ wà kí ẹranko tó gba orúkọ tirẹ̀, ìdájọ́ àwọn tó wo eegun náà ni. Lójú tiwa, ìyàtọ̀ 26 nínú ìwọ̀nba eegun tí wọ́n jọ ní ti pọ̀ ju ohun tí a lè fojú fò dá lọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ti gbà bẹ́ẹ̀ báyìí. Wọ́n ṣì gbà pé ẹbí ni àwọn méjèèjì, nínú ìdílé Brachiosauridae.

Riggs yìí kan náà ló kọ ọ́ ní 1903 pé Brontosaurus, tí Othniel Marsh sọ lórúkọ ní 1879, kò yàtọ̀ sí Apatosaurus tí Marsh fúnra rẹ̀ ti sọ lórúkọ ní 1877. Orúkọ tó ṣáájú ló borí, Brontosaurus sì lọ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 2015, Emanuel Tschopp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ eegun púpọ̀ wò, wọ́n sì dá a padà. Nítorí náà, orúkọ tó yí padà kò túmọ̀ sí pé àwọn onímọ̀ ń ṣe bó ṣe wù wọ́n. Eegun tuntun tàbí ìwọ̀n tó péye ju ti àná lọ ló máa ń fa irú rẹ̀.

Bí a ṣe ń to ìran wọn

Dáínósọ̀ ni orúkọ tí Richard Owen fún gbogbo ìran náà ní 1842. Kì í ṣe gbogbo ẹranko ńlá ayé àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀. Goronyosaurus, tí wọ́n sọ lórúkọ Goronyo ní ìpínlẹ̀ Sókótó, ẹranko inú òkun ni, inú ìran aláǹgbá àti ejò ló sì wà. Tí ẹnikẹ́ni bá pè é ní dáínósọ̀ Nàìjíríà, ẹ dá a lẹ́kun.

Báwo la ṣe ń mọ dáínósọ̀? Ọ̀kan nínú àmì rẹ̀ wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa. Ẹ mú ìbàdí adìyẹ tó ti jinná, ẹ yọ itan kúrò lára rẹ̀, kí ẹ wo ibi tí orí eegun itan wọ̀. Ihò tó la ìbàdí já ni. Bí ẹ bá fi igi ìtayín tì í, ó máa yọ sódì kejì. Ẹ wá wo ti ewúrẹ́: ibẹ̀ jìn, ṣùgbọ́n ó ní ìdí, kò la já. Ihò yìí wà ní ìbàdí Giraffatitan, ó sì wà ní ti adìyẹ, nítorí pé inú ìran dáínósọ̀ ni ẹyẹ ti jáde. Dáínósọ̀ tó wà láàyè lónìí ni adìyẹ tó ń jẹ̀ nínú àgbàlá.

Ní 1887, Harry Seeley pín dáínósọ̀ sí ọ̀nà méjì nípa ìbàdí wọn. Inú Saurischia ni àwọn ọlọ́rùn-gígùn wà, pẹ̀lú àwọn ajẹran bíi Tyrannosaurus. Inú rẹ̀ náà ni ẹyẹ wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbàdí ẹyẹ jọ ti agbo kejì, Ornithischia, lójú. Ní 2017, àwọn onímọ̀ kan, tí Matthew Baron ṣáájú wọn, dábàá pé kí wọ́n tú pínpín yìí ká, kí wọ́n yọ àwọn ajẹran kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọlọ́rùn-gígùn. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí, ṣùgbọ́n kò kan ipò Giraffatitan láàárín àwọn ọlọ́rùn-gígùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Sauropoda ni Marsh pe àwọn ọlọ́rùn-gígùn gbáàràgbá ní 1878. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ń rìn, eegun itan wọn dúró ṣánṣán, orí wọn kéré, eegun ẹ̀yìn mẹ́rin ó kéré tán ló sì dì pọ̀ mọ́ ìbàdí. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì tó ṣe pàtàkì. Diplodocoidea ní eyín tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níwájú ẹnu nìkan, ọwọ́ wọn kúrú ju ẹsẹ̀ lọ, ìrù ọ̀pọ̀ wọn sì tín-ín-rín lópin bíi pàṣán. Àwọn Diplodocus àti Apatosaurus wà níbẹ̀. Macronaria ní ihò imú tó tóbi nínú agbárí, ó máa ń tóbi ju ihò ojú lọ, eyín wọn nípọn, eegun àtẹ́lẹwọ́ wọn sì gùn. Camarasaurus wà níbẹ̀, Brachiosauridae wà níbẹ̀, àwọn titanosaur tó bí àwọn tó tóbi jù lọ wà níbẹ̀ náà: Argentinosaurus tí wọ́n sọ lórúkọ ní 1993, àti Patagotitan ní 2017, ará Argentina ni àwọn méjèèjì.

Méjì nínú ìran yìí sún mọ́ wa ju Tanzania lọ. Orílẹ̀-èdè Niger, ní agbègbè Agadez, ni wọ́n ti wú wọn, Paul Sereno àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì sọ wọ́n lórúkọ ní 1999. Nigersaurus kò gùn ju nǹkan bíi mítà mẹ́sàn-án lọ, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ níwájú, eyín tó lé ní 500 ló wà nínú rẹ̀ tí a bá ka àwọn tó ń dúró de àyè. Orílẹ̀-èdè Niger ni orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí, kì í ṣe ìpínlẹ̀ Niger tiwa. Èkejì ni Jobaria. Òun ló ṣòro láti tò. Sereno fi í sí ẹ̀yìn odi, ṣáájú ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, àwọn mìíràn sì rí àmì Macronaria lára rẹ̀. Ọjọ́ orí òkúta tí wọ́n ti wú u pàápàá ti yí padà: wọ́n kọ́kọ́ kà á sí ìgbà Cretaceous, ìgbà ìkẹyìn àwọn dáínósọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn wá ń kà á sí ìgbà Jurassic tó ṣáájú rẹ̀ báyìí. Bí ọjọ́ orí bá sì yí, ẹni tí wọ́n rò pé ó jẹ́ àṣẹ́kù ìran àtijọ́ lè di ẹgbẹ́ àwọn tó bá ayé rẹ̀ mu.

Ọrùn, afẹ́fẹ́ àti eyín

Eegun méje ló wà lọ́rùn ènìyàn. Méje náà ló wà lọ́rùn àgùnfọn, ńṣe ni ọ̀kọ̀ọ̀kan kàn gùn. Giraffatitan ní 13, àwọn tó gùn jù láàárín wọn sì sún mọ́ mítà kan ní ẹyọ kan. Tí eegun bẹ́ẹ̀ bá kún bí eegun màlúù, kò sí iṣan tó lè gbé e. Ohun tó gbà á ni afẹ́fẹ́.

Ẹ fọ́ eegun apá òkè adìyẹ ìbílẹ̀ tó ti dàgbà, ẹ ó rí i pé inú rẹ̀ ṣófo, kò ní mùdùnmúdùn bíi ti itan. Ẹ wo ibi tó ti so mọ́ èjìká, ẹ ó rí ihò kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Àpò afẹ́fẹ́ tó so mọ́ ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ ló tàn wọ inú eegun náà. Irú ihò bẹ́ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ọrùn àti ẹ̀yìn Giraffatitan, inú eegun náà sì pín sí yàrá kéékèèké tí ògiri wọn fẹ́lẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ eegun ẹ̀yìn sauropod tí wọ́n ti gé wò, tàbí tí wọ́n fi ẹ̀rọ skánì wò, afẹ́fẹ́ gba ju ìdajì àyè lọ. Nínú ìdílé Brachiosauridae, àwọn ìhà kan pàápàá ní ihò. Eegun ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni kò ní, wọ́n kún dáadáa. Ìwúwo wà nísàlẹ̀, ìfúyẹ́ wà lókè.

Àpò afẹ́fẹ́ yìí yanjú ìṣòro mìíràn. Ọ̀nà ọ̀fun tó gùn ju mítà mẹ́jọ lọ máa ń há afẹ́fẹ́ tí a ti lò sínú. Bí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ bá ń mí bíi tiwa, tí afẹ́fẹ́ ń wọlé tó ń gba ọ̀nà kan náà jáde nínú ẹ̀dọ̀fóró, afẹ́fẹ́ àlòkù ni yóò máa fà padà ṣáá. Nínú ẹyẹ, àpò náà ń gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń tì í gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Ihò inú eegun ló jẹ́ ká gbà pé àwọn ọlọ́rùn-gígùn mí báyìí, nítorí pé ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ kì í di òkúta.

Lábẹ́ ọrùn, eegun tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń ti ara eegun ọrùn kọ̀ọ̀kan jáde lọ sẹ́yìn, tó ń gba abẹ́ eegun méjì tàbí mẹ́ta kọjá. Nínú Giraffatitan, èyí tó gùn jù tó mítà 2.9. Àwọn tó gé e tí wọ́n wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù rí i pé iṣan líle tó di eegun ni. Ó jẹ́ kí ẹran ara tó ń fa ọrùn lè jìnnà sí ibi tó ń fà, kí ọrùn má baà wúwo.

Ṣé òkè ni ọrùn náà ń wò, àbí ó nà síwájú? Ibi tí àríyànjiyàn gbóná jù nìyí. Ní 1999, Kent Stevens àti Michael Parrish fi kọ̀ǹpútà to eegun ọrùn Diplodocus àti Apatosaurus, wọ́n ní ó nà síwájú ni. Ní 2009, Taylor, Mathew Wedel àti Darren Naish wo ẹranko tó wà láàyè, wọ́n rí i pé bí ẹranko orí ilẹ̀ ṣe máa ń gbé ọrùn nígbà tó bá dúró ga ju ohun tí eegun nìkan ń sọ lọ. Ohun tó ń da ìṣirò rú ni kérékéré tó wà láàárín eegun kan àti èkejì. Ó ti jẹrà, a kò sì lè wọn bó ṣe nípọn tó. Ti Giraffatitan rọrùn díẹ̀, torí pé apá gígùn ti gbé èjìká rẹ̀ sókè ná. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ gbọdọ̀ dé orí. Gbogbo mítà kan tí ẹ̀jẹ̀ bá gùn sókè ń jẹ nǹkan bíi 77 nínú ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka BP wa. Bí orí bá wà ní mítà mẹ́jọ sókè ọkàn, ó ti lé ní 600 kí ẹ̀jẹ̀ tó ṣe iṣẹ́ kankan, nígbà tí ti ènìyàn wà ní nǹkan bíi 120. Ìdí rèé tí àwọn kan fi ní kì í gbé orí sókè pẹ́. Èrò tiwa ni pé ọrùn Giraffatitan ń gòkè, ṣùgbọ́n pé kò dúró ṣánṣán bí òpó iná ní gbogbo ìgbà.

Wọn kì í jẹun lẹ́nu bíi màlúù. Kò sí eyín ìlọ̀. Ńṣe ni wọ́n ń já ewé tí wọ́n ń gbé e mì, ikùn ńlá ló ń ṣe ìyókù. Ní 2025, Stephen Poropat àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rí tó ṣeé fojú rí jáde: oúnjẹ inú ikùn sauropod kan láti Australia, Diamantinasaurus, tó ti di òkúta. Ewé oríṣiríṣi ni, wọ́n já a, wọn kò lọ̀ ọ́. Eyín wọn ń jẹ tán kíákíá. Michael D'Emic àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ka ìlà tó ń hù lójoojúmọ́ nínú eyín, wọ́n ní Diplodocus ń pààrọ̀ eyín kan ní nǹkan bí ọjọ́ 35, Camarasaurus ní nǹkan bí ọjọ́ 62.

Ìwọ̀n: kí ló dé tí ìwé kan ń sọ 78, tí òmíràn ń sọ 23?

Ní 1962, Edwin Colbert fi àwòṣe kékeré Giraffatitan wọn àyè tí ara rẹ̀ gbà nínú iyanrìn, ó sọ ọ́ di ńlá, ó dé tọ́ọ̀nù 78. Ní 2009, Taylor ní tọ́ọ̀nù 23.3. Ẹranko kan náà ni. Ohun àkọ́kọ́ tó fa ìyàtọ̀ ni bí ẹni tó ṣe àwòṣe ṣe gbé ẹran wọ̀ ọ́: ti Colbert sanra púpọ̀. Èkejì ni afẹ́fẹ́ inú eegun àti àyà, tí wọn kì í yọ kúrò tó nígbà náà. Ẹ̀kẹta, bí gígùn bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà, ìwọ̀n yóò fi ìdá 33 ṣìnà, torí gígùn, fífẹ̀ àti gíga ló ń pọ̀ pa pọ̀.

Ọ̀nà kejì kò nílò àwòṣe. Ẹ wọn àyíká eegun apá àti ti itan ní ibi tó tín-ín-rín jù, kí ẹ pa wọ́n pọ̀. Ti Giraffatitan jẹ́ mìlímítà 654 àti 730, àpapọ̀ 1384. Ẹ tẹ 1384 sínú kakulétọ̀, ẹ tẹ log, ẹ fi 2.749 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ yọ 1.104 kúrò, kí ẹ wá tẹ 10 tí a gbé ga sí èsì yẹn. Gíráàmù ni yóò jáde, nǹkan bíi mílíọ̀nù 34, ìyẹn tọ́ọ̀nù 34. Tírélà sìmẹ́ńtì tó kó àpò 600 kúrò ní Ewékorò gbé tọ́ọ̀nù 30. Ẹranko yìí wúwo tó àpò 680. Àṣìṣe ọ̀nà yìí tó ìdá mẹ́rin kan lókè tàbí nísàlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ “láàárín 25 àti 42” ló sọ òótọ́ ju ẹni tó kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ. Ara ẹranko tó wà láàyè ni wọ́n ti fa ìlànà náà yọ, erin ló sì tóbi jù nínú wọn. Gbogbo ohun tó wà lókè erin, ìfojúsọ́nà ni.

Ṣé a lè rí irú rẹ̀ ní Abẹ́òkúta?

Ní Olúmọ, rárá. Akọ òkúta ni, ó yọ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀ kó tó dì, ọjọ́ orí rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún, nígbà tí dáínósọ̀ kankan kò tíì sí. Ewékorò ńkọ́? Òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì níbẹ̀, ìsàlẹ̀ òkun ló ti wá ní nǹkan bí mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn. Ìkarahun àti akàn ló wà nínú rẹ̀, àwọn dáínósọ̀ tí kì í ṣe ẹyẹ sì ti parun ní mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn.

Láàárín méjèèjì ni ohun tó yẹ ká fojú sí wà. Abẹ́ òkúta ẹfun yẹn ni iyanrìn àti òkúta iyanrìn kan wà tó yọ sórí ilẹ̀ ní gúúsù ìlú wa. Jones àti Hockey, àwọn onímọ̀ ilẹ̀, fún un ní orúkọ Abẹ́òkúta ní 1964. Ní 1981, Omatsola àti Adégòkè pín in sí mẹ́ta: Ìsẹ̀, Afọ̀wọ̀ àti Àràròmí. Ìgbà Cretaceous ni wọ́n wá, ìgbà tí dáínósọ̀ ṣì ń rìn. Kò túmọ̀ sí pé eegun wà níbẹ̀. Iyanrìn tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá máa ń jẹ eegun dànù, ilẹ̀ wa tó tutù tó sì kún fún igbó sì ń bo òkúta mọ́lẹ̀, nígbà tí aṣálẹ̀ Agadez ń ṣí i sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Bí a bá sì rí eegun, yóò kéré lọ́jọ́ orí sí Giraffatitan, tó ti wà láyé ní nǹkan bí mílíọ̀nù 150 ọdún sẹ́yìn.

Àwọn tó ń wa yanrìn, àwọn tó ń la ọ̀nà, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ló ṣeé ṣe jù kí wọ́n kọ́kọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Òkúta tó wúwo, tó ní ihò wẹ́wẹ́ nínú níbi tó ti ṣẹ́, tí awọ ìta rẹ̀ sì dán ju inú lọ, ẹ má fà á yọ. Ẹ fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, pẹ̀lú ògiri ilẹ̀ tó yí i ká. Ẹ jẹ́ kí fóònù gba ibi tí ẹ wà sílẹ̀. Ẹ kọ bó ṣe jìn tó láti òkè. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ké sí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì, tàbí National Commission for Museums and Monuments.

Bí wọ́n bá dé, ẹ ó rí i pé wọn kì í fi ọwọ́ yọ eegun. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ yí i ká títí yóò fi dúró lórí òpó kékeré. Wọ́n á fi tíṣù tútù bò ó, kí POP má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n á gé àpò ìdọ̀họ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á rì í sínú POP, wọ́n á fi wé e ní ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bó bá gbẹ, wọ́n á gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á yí i padà, wọ́n á wé ìdí rẹ̀ náà. Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ ni kí wọ́n yí i padà kí POP tó gbẹ, tàbí kí wọ́n gbàgbé tíṣù, nítorí awọ eegun ni yóò bá POP ṣí nígbà tí wọ́n bá ń tú u. Orí ìdì yẹn gan-an ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà, apá tó kọjú sí àríwá, ìpele ilẹ̀ àti orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ sí.